Ẹ̀sùn lórí kílọ́ọ̀ṣì mọ́tò mi àti ọ̀rọ̀ àbùkù tí wọ́n sọ sí mi

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ńbà mọ́tò mi wà nínú ìwé yín, mi ò ní tún un kà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti gbé mọ́tò yìí wá bá yín láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí lówà kílọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo, ìyẹn ẹ̀yà ìsàlẹ̀ tí ọ́ìlì máa ń tì kí kílọ́ọ̀ṣì lè ṣiṣẹ́.

Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lóòótọ́, kò sì jò mọ́. Atẹ́gùn inú páìpù ọ́ìlì rẹ̀ ni ẹ ò yọ tán. Ojú mi ló ṣe. Ọmọ iṣẹ́ kan ń tẹ pẹ́dà, èkejì wà lábẹ́ mọ́tò, ó ń tú nọ́ọ̀tì tí atẹ́gùn ń gbà jáde, ó ń dè é, kò sì sẹ́ni tó bojú wo ike ọ́ìlì lókè. Nígbà tí mo máa yọjú wò ó, ike ti gbẹ. Mo pariwo pé atẹ́gùn lẹ tún ń fà wọlé yẹn. Wọ́n rọ ọ́ìlì kún un, wọ́n ní ó ti parí. Kí n tó dé Mọ́kọ́lá, òfìfo ni ẹsẹ̀ mi ń tẹ̀. Pẹ́dà lẹ̀ mọ́lẹ̀, ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ni mo fi ń hú u sókè. Jíà ò wọlé mọ́, ó kàn ń han ni. Táyé àti Kẹ́hìndé ló bá mi ti mọ́tò kúrò lójú títì.

Síbẹ̀, obìnrin tó ń gbé fóònù yín ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Lọ́jọ́ Ajé, ó ní ọ̀gá mẹkáníìkì máa pè mí kílẹ̀ tó ṣú. Mo jókòó ti fóònù títí di aago mẹ́wàá alẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní òun ò mọ ohun tí mò ń sọ. Lọ́jọ́rú, ó ní, "Mọ́mì, mọ́tò yín ti darúgbó, ẹ lọ ra òmíràn," ó sì pa fóònù mọ́ mi létí. Mo tó bí i lọ́mọ! Mọ́tò tí bàbá àwọn ọmọ mi fi sílẹ̀ ni, òun ni mo fi ń kó ọjà ní Bódìjà.

Kí ọ̀gá mẹkáníìkì fúnra rẹ̀ yọ atẹ́gùn náà lójú mi, kí ike má gbẹ, títí ọ́ìlì yóò fi máa jáde láìní ìfófòó. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ dá ₦25,000 owó iṣẹ́ mi padà. Kí obìnrin yẹn sì bẹ̀ mí. Mo fún yín di ọjọ́ Ẹtì. Bí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan, ọ̀dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, ni mò ń lọ, gbogbo rìsíìtì ló wà lọ́wọ́ mi.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn