Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká tún ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì yẹn yẹ̀ wò

Bronx, New York

Bọ̀dá Délé mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àbójútó Màámi, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìlàkàkà. Mo rí àwòrán ilé tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Òtẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́rin, yàrá ogójì, odò ìlúwẹ̀ẹ́ níwájú, òpó funfun ràgàjì mẹ́fà. Ó wuyì lójú. Àmọ́ ẹ ní báńkì ti gbà láti yá wa lówó, ibẹ̀ ni ara mi ti bù máṣọ. Àwọn baba wa ló ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Kí ẹ tó tọwọ́ bọ ìwé kankan, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu mi, torí ẹnu ọ̀nà irú ilé bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ti ń jẹun nílùú yìí.

Màámi ṣì ń sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé òtẹ́ẹ̀lì ni mò ń bá ṣiṣẹ́. Mo ti kúrò níbẹ̀. Ilé gbígbé ni mo wà báyìí, ilé àwọn olówó, ní apá ìwọ̀ oòrùn Central Park. Kóòtù gígùn, fìlà, ìbọ̀wọ́ funfun. Èmi ni mò ń ṣílẹ̀kùn, mò ń gba ẹrù tí wọ́n bá gbé wá, mò ń pe takisí, bẹ́ẹ̀ ni àlejò kankan kò gbọdọ̀ wọ lífítì kí n tó pe onílé rẹ̀ lórí fóònù. Lífítì méjì ló wà, ti iwájú fún àwọn onílé, ti ẹ̀yìn fún ẹrù àti àwa òṣìṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá ń kó wọlé, a ó kọ́kọ́ fi aṣọ onífọ́ọ̀mù nínípọn bo gbogbo ògiri lífítì kí ẹsẹ̀ àga má baà ha á lára. Bí wọ́n bá kó tán, a ó ká a, a ó fi tọ́ọ̀ṣì yẹ ògiri náà wò láti òkè dé ilẹ̀. Ibi tí owó ń lọ nìyẹn, Bọ̀dá mi. Kì í ṣe òpó.

Ilé tí wọ́n ń pè ní Dakota kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa. Ọdún 1880 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n parí rẹ̀ ní 1884. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n ti yìnbọn pa John Lennon, olórin Beatles tó ń gbé níbẹ̀, ní oṣù Kejìlá 1980. Ẹni tó ya àwòrán ilé náà, Henry Hardenbergh, òun náà ló ya ti Plaza Hotel tí wọ́n ṣí ní 1907. Láti ọdún 1961, èèyàn kì í ra fúláàtì nínú Dakota bí a ti ń ra ilẹ̀ ní Ado-Èkìtì. Ìpín ni wọ́n ń rà nínú ilé-iṣẹ́ tó ni gbogbo ilé náà. Ìgbìmọ̀ àwọn tó ń gbébẹ̀ á jókòó tì yín, wọn á yẹ ìwé báńkì yín wò, wọn á ní kí ẹ mú ẹni tó mọ̀ yín wá, wọn á béèrè ìwà, wọn á béèrè ìṣe, àfi bí ìgbà tí ìdílé kan ń ṣèwádìí ìdílé kejì kí wọ́n tó gba ìdáná. Bí wọn ò bá fẹ́ yín, kò pọn dandan kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ́ yín, tí ẹ san owó gọbọi yẹn tán, oṣooṣù lẹ ó tún máa san owó ìtọ́jú ilé. Irú ilé tiwa náà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ gbajúmọ̀ ni mo mọ̀ tí wọ́n fi owó ńlá wá, tí wọ́n sì yí padà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ ka ibí yìí sí Màámi létí. Ilé kan wà ní Broadway tó ń jẹ́ Ansonia. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1899, wọ́n parí rẹ̀ ní 1904, òtẹ́ẹ̀lì tí èèyàn ń gbé fún ọdún gbọọrọ ni. Olówó tó kọ́ ọ, Stokes, lọ ń sin adìẹ, pẹ́pẹ́yẹ àti ewúrẹ́ sórí òrùlé, ó tún mú ọmọ béárì kan kún un! Ẹyin tí adìẹ bá yé, àwọn òṣìṣẹ́ á gbé e lọ fún àwọn ayálégbé. Ní 1907 ni àwọn wolé-wolé wá tú gbogbo rẹ̀ ká. Nítorí náà, kí Màámi má bínú sí àwọn tó ń ráhùn ní Ìjìgbò nítorí àkùkọ tí Màámi ń sìn. Kò bẹ̀rẹ̀ lórí wọn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nínú irú ilé àtijọ́ yẹn ni pé ọ̀pọ̀ wọn kò ní ilé ìdáná nínú fúláàtì. Òfin ọdún 1901 lórí ilé gbígbé kò jẹ́ kí wọ́n kọ́ ilé tí èèyàn ti ń dáná ga tó bí wọ́n ti fẹ́, òfin náà kò sì de òtẹ́ẹ̀lì. Làwọn kọ́lékọ́lé bá yọ ilé ìdáná kúrò, wọ́n ní òtẹ́ẹ̀lì làwọn ń kọ́, oúnjẹ á máa ti ìsàlẹ̀ wá. Ọmọ Èkìtì wo ló máa gba irú ìyẹn? Níbo lèèyàn máa gún iyán sí?

Èyí tó bá máa wọ̀ yín létí jù ni ti Nikola Tesla, ọ̀gá nínú iná mànàmáná tí à ń lò nílé lónìí, tí NEPA ń mú lọ lọ́wọ́ wa. Òtẹ́ẹ̀lì ni bàbá yìí fi ṣelé láti ọdún pípẹ́. Ó jẹ gbèsè ní òtẹ́ẹ̀lì Waldorf-Astoria títí ó fi kọ ilẹ̀ rẹ̀ ní Wardenclyffe, níbi tí ilé gogoro rẹ̀ wà, fún wọn ní 1915. Nígbà tó dàgbà, yàrá 3327 ní òtẹ́ẹ̀lì New Yorker ló ń gbé, ilé-iṣẹ́ Westinghouse ló ń bá a san owó yàrá, ibẹ̀ náà ló kú sí ní oṣù Kìíní 1943. Ẹ wò ó dáadáa: àlejò tó ń pẹ́ lè lọ́lá, kó lórúkọ, kí owó má sì wọlé. Ẹ má fojú aṣọ gba ẹnikẹ́ni sílé o.

Òtẹ́ẹ̀lì New Yorker yìí kan náà ni ọkùnrin kan ti gba yàrá alẹ́ kan ṣoṣo ní 2018, nǹkan bíi igba dọ́là. Ilẹ̀ mọ́, ó ní kí wọ́n fún òun ní ìwé àdéhùn oṣù mẹ́fà. Òfin kan wà tó fi àwọn tó ń gbé yàrá nínú àwọn òtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ sí abẹ́ ààbò. Wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta, ó gba kóòtù lọ. Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, àwọn òtẹ́ẹ̀lì kò yọjú, adájọ́ sì ní kí wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ padà fún un. Nǹkan bí ọdún márùn-ún ló lò níbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Kò tún tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba pé òun ló ni gbogbo òtẹ́ẹ̀lì náà! Ìyẹn ni wọ́n fi mú un ní 2024. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ bá lọ́yà. Ọjọ́ ìwọlé, ọjọ́ ìjáde, iye owó, ẹni tó máa dúró fún àlejò, kí gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé kí ẹnikẹ́ni tó gbé àpò sílẹ̀.

Ohun tí mò ń rò nìyí. Òtẹ́ẹ̀lì tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, àwọn tó ń lo oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà ló pọ̀ níbẹ̀. Dókítà tó wá ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀, ẹni tí iná jó ilé rẹ̀, ọkọ tí ìyàwó lé jáde. Yàrá alálẹ́ kan, lójoojúmọ́ là ń pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì, aṣọ ìnura, ọṣẹ, ká tún fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ti àwọn tó ń pẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni. Owó alẹ́ kan tiwọn kéré, àmọ́ kò dáwọ́ dúró. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó béèrè mábù lọ́wọ́ mi rí. Omi gbígbóná ni, íntánẹ́ẹ̀tì ni, ariwo ni. Omi gbígbóná yẹn kọ̀ṣẹ́ lọ́jọ́ kan nígbà òtútù, ọ̀gá ní ká ní sùúrù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá kan tó ti lo ọdún méjì níbẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpótí, kò sì padà.

Ní Ado wa, ta ló máa kún yàrá ogójì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nínú oṣù Kẹfà? Kérésì, Àjíǹde, ìgbéyàwó, ìsìnkú, mo gbà. Àwọn tó ń lọ wo omi Ìkọ̀gọ̀sì, alẹ́ kan péré ni wọ́n máa sùn. Àmọ́ àwọn dókítà wà ní ilé ìwòsàn ńlá, àwọn olùkọ́ tó wá fún sáà kan wà ní yunifásítì EKSU àti ABUAD, ní Poly, àwọn ẹnjiníà tó ń ṣe ọ̀nà wà. Àwa tá a wà lókè òkun náà ńkọ́? Bá a bá wálé, a fẹ́ ibi tá a ti lè sùn láìjẹ́ pé ẹbí tó ń béèrè owó wá jí wa ní agogo mẹ́fà àárọ̀.

Fúláàtì mẹ́jọ ni kí a kọ́, ní àjà méjì. Kí fúláàtì kọ̀ọ̀kan ní ilé ìdáná tirẹ̀, ká sì ṣe àtíbàbà onísìmẹ́ńtì kan sẹ́yìn fún odó àti ọmọ odó, kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ má gbọ́ kí-kí-kí lórí àjà. Jẹnẹrétọ̀ kó jìnnà sí yàrá ìbùsùn, sólà kó máa gbé iná òru. Ẹ fagi lé odò ìlúwẹ̀ẹ́ yẹn, àti òpó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ wá ẹni tó máa dúró ní géètì, tó mọ orúkọ gbogbo àlejò, tí kì í sùn lórí bẹ́ǹṣì. Owó oṣù rẹ̀ kó dára o, torí òun gan-an ni àwọn àlejò ń sanwó fún.

Ẹ ní kí ayàwòrán tún un yà, kí ẹ sì bá mi béèrè iye tí wọ́n ń gbẹ́ bóhóòlù lágbègbè ọ̀nà Ìyìn báyìí, pẹ̀lú páìpù àti táǹkì méjì. Owó ìyẹn ni mo máa kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, kí ẹ má sì lọ sí báńkì yẹn ná. Kóòtù Màámi àti bàtà wọn wà lọ́wọ́ ìyàwó ọ̀rẹ́ mi tó ń bọ̀ nílé lóṣù tó ń bọ̀. Kí Yọ̀mí lọ gbà á fúnra rẹ̀, kó má rán ọlọ́kadà.

Àbúrò yín,
Káyọ̀dé