Àkànní, 641 ló pín in

Àkànní ọkọ mi, ṣé dáadáa lo wà, ṣé o ń jẹun? Mo rí fọ́tò ìwé test tí o fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp lánàá, mo sì gbọ́ voice note tí o ti ń bínú sí lẹ́kíṣọ̀ yẹn. Ọkùnrin yẹn ò ṣẹ̀ ẹ́ jàre. Ìwọ lo kọ ọ́ pé prime ni 4294967297, ìyẹn nọ́ńbà tí kò sí nǹkan tó lè pín in kó má ṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra ẹ̀, torí pé o dán an wò láti 2 dé 100, kò sí èyí tó pín in. Ta ló sọ fún ẹ pé 100 lọ̀nà parí sí?

O gbìyànjú o, mi ò ní purọ́. O ro díjíìtì ẹ̀ pọ̀, o rí 59, o mọ̀ pé 3 ò lè pín in, gbogbo prime 25 tó wà lábẹ́ 100 lo dán wò. Àmọ́ 641 ló pín in, tí o bá sì ń ka prime bọ̀ láti 2, ipò 116 ló wà. Mú bírò, má fi fóònù ṣe é: 641 × 6700417. Fi 600 sọ ọ́ di púpọ̀ ná, wàá rí 4020250200, fi 40 náà ṣe é, 268016680, kí o wá ro 6700417 mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan. Ṣó bọ́ sí i àbí kò bọ́ sí i?

Ìwọ nìkan kọ́ ló kó sí i. Lọ́yà kan ní Faransé, Pierre de Fermat, mú 2, ó fi 1 lé e, ó di 3. 2 × 2 ni 4, fi 1 lé e, 5. 4 × 4 ni 16, ó di 17. Bó ṣe ń lọ nìyẹn, 257, 65537, prime ni gbogbo wọn, èyí tó kàn gan-an ni tìẹ yìí. Ní 1640 ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé òun gbà pé prime ni wọ́n á máa jẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ó sọ fúnra ẹ̀ pé òun ò tíì rí ẹ̀rí ẹ̀. Ibẹ̀ ló ti sàn jù ẹ́ lọ, torí ìwọ kọ "therefore" gàdàgbà, o tún fa igi sí i nídìí.

Ní 1729 onímọ̀ ìṣirò kan, Goldbach, bi Euler tóun náà jẹ́ onímọ̀ ìṣirò léèrè ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tó fi máa di 1732, ọmọ ọdún 25 péré ni Euler, ó ti rí 641. Wò ó, ohunkóhun tó bá máa pín nọ́ńbà yìí, tí o bá fi 64 pín òun náà, 1 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Torí náà, prime tó bá rí bẹ́ẹ̀ nìkan lèèyàn máa dán wò: 193, 257, 449, 577, 641. Márùn-ún péré! Ìwọ dán 25 wò, ìkankan nínú wọn ò sì lè pín in láéláé.

Lọ bá lẹ́kíṣọ̀ yẹn ní ọ́fíìsì, dọ̀bálẹ̀ fún un, kó fi ibi tó kù nínú script ẹ hàn ẹ́, torí number 4 ló dà bíi pé o pàdánù máàkì jù. Dádì ẹ ti fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ láàárọ̀. Nọ́ńbà Fermat tó tẹ̀lé tìẹ yẹn ni 18446744073709551617, kì í ṣe prime lòun náà. Tó bá wù ẹ́, tún bẹ̀rẹ̀ láti 2 o, 274177 lo máa bá a.

Èmi ni, mọ́mì ẹ.