Lẹ́tà sí Dàpọ̀ ní Jos, nípa àga ọmọ inú ọkọ̀

Àkúrẹ́,
Oṣù Kọkànlá.

Dàpọ̀ ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú ewu ọmọ o. Mo ti kí ọ lórí fóònù, ṣùgbọ́n ìkíni orí fóònù kò tó fún irú ayọ̀ yìí. Ìyàwó wa àti Ayọ̀mídé wà ní àlàáfíà. Ọmọ ń mu ọyàn dáadáa, ìyá rẹ̀ náà ti ń rí oorun díẹ̀díẹ̀ sùn, Màmá kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan omi gbígbóná ìwẹ̀ ọmọ àfi àwọn.

O ní kí n ṣàlàyé bí mo ṣe de àga ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi ránṣẹ́ láti Houston mọ́ inú ọkọ̀, torí pé ìwọ náà fẹ́ dè é mọ́ Sienna yín nígbà tí o bá wá mú wọn lóṣù Kejìlá. Ọ̀rọ̀ náà gùn ju ohun tí èèyàn lè fi ohùn rán lórí WhatsApp lọ, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Jọ̀wọ́ fara balẹ̀ kà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn nílùú yìí ló ti ra irú àga bẹ́ẹ̀, tí wọ́n kàn gbé e lé ìjókòó ẹ̀yìn, tí wọ́n fi bẹ́líìtì kọjá lára rẹ̀ ṣákálá, tí wọ́n sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí i. Owó ti jáde, ọmọ ti wà nínú àga, ṣùgbọ́n àga tó ń mì kò lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá wọn sílẹ̀ ní ọsibítù, Màmá ni a kọ́kọ́ ní láti bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ti jókòó sẹ́yìn Corolla mi, wọ́n ti tẹ́ ìborùn sórí itan, wọ́n sì na ọwọ́ pé kí a gbé ọmọ fún àwọn. Wọ́n ní, “Kúnlé, ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi gbé gbogbo ọmọ mi délé, ọ̀kan kò já bọ́ rí. Ọrùn ọmọ yìí kò tíì le rárá, ẹ wá fẹ́ kó dá jókòó?” Mi ò bá wọn jiyàn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n sọ tẹnu mi, mo sì sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ọrùn tí wọ́n sọ yẹn gan-an ni ìdí tí àga náà fi wà.

Orí ọmọ tuntun tóbi, ó tó ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ara rẹ̀, ọrùn tó gbé e kò sì tíì lágbára. Bí ọmọ bá kọjú síwájú, tí ọkọ̀ sì dúró lójijì, okùn á di ara mú, orí á sì fò síwájú, ọrùn nìkan ni yóò máa fà á padà. Bó bá kọjú sẹ́yìn ọkọ̀, ẹ̀yìn àga ni yóò gba orí, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, agbára náà á pín kárí. Dókítà ará Sweden kan, Bertil Aldman, ló gbé irú àga akọjúsẹ́yìn bẹ́ẹ̀ jáde ní ọdún 1964. Ibi tó ti rí ọgbọ́n náà ni bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń mú kí àwọn tó ń lọ sínú òfuurufú nínú ọkọ̀ Gemini fẹ̀yìn lélẹ̀, kí agbára ìgbéra má baà ṣe wọ́n léṣe. Mo sọ èyí fún Màmá, wọ́n sì rẹ́rìn-ín pé ọmọ àwọn ń lọ sí ọ̀run ni.

Ní ti ọwọ́ wọn, mo ní kì í ṣe pé kò lágbára. Ayọ̀mídé wọn 3.3 kg. Bí ọkọ̀ tó ń sá ní 50 km ní wákàtí kan bá forí sọ nǹkan, agbára tó ń fà á síwájú lè tó ìlọ́po 30 ìwúwo rẹ̀ kí ojú tó ṣẹ́. Ìyẹn súnmọ́ 100 kg, àpò sìmẹ́ǹtì méjì. Kò sí ìyá tó lè gbá àpò sìmẹ́ǹtì méjì mọ́ra nígbà tí ara òun gan-an ń fò lọ síwájú. Màmá dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ibi tí àwọn á jókòó sí. Mo ní ẹ̀gbẹ́ ọmọ ni, kí wọ́n máa wo ojú rẹ̀. Láti Ọba Adésídà títí dé Ìjàpọ̀, wọn kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀, ọmọ sì sùn dé ilé. Nísinsìnyí, àwọn gan-an ló máa ń béèrè bóyá mo ti mi àga wò kí a tó gbéra. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ojú pópó, NHTSA, sọ pé àga yìí máa ń dín ewu ikú kù ní ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, nínú ọkọ̀ kékeré. Sọ èyí fún àwọn ará ilé yín tó bá ń ráhùn pé àṣà òyìnbó ni.

Ó yá, ọ̀rọ̀ dídè. Àga náà jẹ́ ọ̀nà méjì: ìdí rẹ̀, tó máa wà nínú ọkọ̀ nígbà gbogbo, àti apẹ̀rẹ̀ tí ọmọ ń wà nínú rẹ̀, tí ẹ lè yọ gbé wọlé. Ìdí yẹn ni iṣẹ́ wà lára rẹ̀ jù.

O mọ bí àwọn tó ń rán ìjókòó ọkọ̀ ṣe máa ń fi awọ bo tòkunbọ̀ nílé wa, tí wọ́n á bo ibi tí a ń ki bẹ́líìtì ẹ̀yìn bọ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Ti Corolla mi rí bẹ́ẹ̀. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Àràkálẹ̀, ó la ojú rẹ̀ sílẹ̀, ó sì rán etí rẹ̀ pa. Ìgbà tó là á ni irin róbótó kékeré méjì hàn nínú kòtò tí ẹ̀yìn ìjókòó àti ibi ìdí ti pàdé. Irin tí a ń kọ́ àga ọmọ mọ́ ni. LATCH ni wọ́n ń pe ètò yìí ní Amẹ́ríkà, ISOFIX ni ti Yúróòpù. Ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002 gbọ́dọ̀ ní in. Sienna yín jẹ́ ti 2005, nítorí náà ki ọwọ́ sínú kòtò ìlà ìjókòó tó wà láàárín, wàá bá a. Ìkọ́ méjì tó wà lára ìdí àga ni wàá fi kọ́ wọn, kí o wá fa okùn rẹ̀ le.

Bí o bá fẹ́ lo bẹ́líìtì ọkọ̀ dípò irin, kò burú, ààbò kan náà ni bó bá ti le dáadáa. Ṣùgbọ́n yan ọ̀kan. Má fi méjèèjì dè é lẹ́ẹ̀kan náà àfi bí ìwé àga bá gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí bẹ́líìtì ń gbà kọjá ní àmì lára, ti ọmọ akọjúsẹ́yìn ni kí o wá. Ki bẹ́líìtì gba ibẹ̀, fi í bọ ẹnu rẹ̀ kó dún, lẹ́yìn náà fa apá tó ń gba èjìká jáde títí tí kò fi ní lè jáde mọ́. Bó bá ti ń padà wọlé, wàá máa gbọ́ kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Ó ti tì nìyẹn, kò ní dẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ èyí rárá, bẹ́líìtì wọn kàn ń wọlé ń jáde ni, àga á sì máa rìn kiri lórí ìjókòó.

Kí o tó fà á le, fi orúnkún rẹ tàbí ọwọ́ rẹ tẹ ìdí àga mọ́lẹ̀ gidigidi kó wọ inú ìjókòó. Má tẹ́ fóòmù tàbí ìrọ̀rí sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tí o bá fà á tán, di ibi tí bẹ́líìtì gbà kọjá mú, kí o mì í sọ́tùn-ún, sósì, síwájú, sẹ́yìn. Kò gbọdọ̀ kúrò ju ínṣì kan lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, tú u, tún un dè. Apá òkè tí orí ọmọ wà lè mì díẹ̀, ìyẹn kò burú, ibi tí okùn ti dè é ni kí o máa wò.

Àárín ìjókòó ẹ̀yìn ló jìnnà jù sí ilẹ̀kùn, òun ló dára jù bí àga bá lè le níbẹ̀. Bí kò bá le, gbé e sí ẹ̀gbẹ́. Iwájú ni o kò gbọ́dọ̀ gbé e sí rárá: airbag, àpò afẹ́fẹ́ tó wà níwájú, máa ń bú jáde pẹ̀lú agbára ńlá, ẹ̀yìn àga náà ni yóò sì gbá, níbi tí orí ọmọ wà gan-an. Kódà bí mẹkáníìkì bá ní airbag yín kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ̀yìn ni àyè Ayọ̀mídé.

Bí ó ṣe fẹ̀yìn tì tún ṣe pàtàkì gan-an. Bí ọmọ tuntun bá nàró jù, àgbọ̀n rẹ̀ á wọlẹ̀ sórí àyà, ọ̀nà èémí rẹ̀ á sì dí, kò ní pariwo kí ẹ tó mọ̀. Àmì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí àga tó ń sọ bí ó bá ti dára. Wò ó níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú, torí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Àkúrẹ́ lè tàn ọ́ jẹ, ti Jos náà sì wà níbẹ̀. Ìwé àga yìí gbà kí a ká táwẹ̀lì sábẹ́ etí rẹ̀ tó wà níbi ẹsẹ̀ ọmọ, nínú kòtò ìjókòó, bí kò bá fẹ̀yìn tó, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ mi.

Ní ti ọmọ fúnra rẹ̀, okùn èjìká gbọ́dọ̀ jáde láti ibi tó dọ́gba pẹ̀lú èjìká rẹ̀ tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Ìdè àyà á dọ́gba pẹ̀lú abíyá. Fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá gbìyànjú láti fún okùn náà pọ̀ lókè èjìká rẹ̀. Bí o bá lè rí i fún jọ, ó dẹ̀. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí o fetí sí jù, nítorí òtútù Jos. Mo mọ̀ pé ẹ ó fẹ́ wọ ẹ̀wù onírun fún un, kí ẹ wé e mọ́ṣọ, kí ẹ tó dè é. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Aṣọ tó nípọn máa ń rọ̀ wọlẹ̀ bí agbára bá dé bá a, okùn tó dà bíi pé ó le á di òfìfo, ọmọ á sì yọ́ jáde. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kó wọ̀, ẹ dè é, lẹ́yìn náà kí ẹ wá fi ṣáàlì bò ó lórí okùn, ojú rẹ̀ níta. Ìrọ̀rí ọrùn tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ lọ́jà, ẹ má fi kún un, ohun tó bá àga wá láti ilé iṣẹ́ ti tó.

Bí ìyàwó arákùnrin rẹ náà bá fẹ́ ra tirẹ̀ ní tòkunbọ̀ bó ṣe sọ, kó kọ́kọ́ wo abẹ́ rẹ̀, déètì tí wọ́n ṣe é àti ìgbà tí àkókò rẹ̀ dópin wà níbẹ̀. Èyí tí ọkọ̀ rẹ̀ ti ní jàm̀bá rí, kó fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ìtàn rẹ̀, tèmi ni pé kó má rà á.

Ìrìn àjò yín gùn. Bí ẹ bá gba Ọ̀wọ̀, Ìkàrẹ́, Kábà, Lọ́kọ́ja lọ sí Abuja, ẹ sùn síbẹ̀, kí ẹ wá gba Keffi àti Akwanga lọ sí Jos lọ́jọ́ kejì. Má ṣe é lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ọmọ kékeré. Kó má jókòó sínú àga náà ju wákàtí méjì lọ kí ẹ tó gbé e jáde, kí ó nara, kí ó mu ọyàn. Inú ìlú ni kí ẹ ti máa dúró, kì í ṣe inú igbó. Bó bá sì ń ké lójú ọ̀nà, ọkàn ìyá rẹ̀ kò ní gbà á, yóò fẹ́ tú u kó fún un lọ́yàn bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Bá a sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé: ọkọ̀ á dúró ná, kí a tó tú ọmọ. Kí òun jókòó tì í lẹ́yìn. Bí ẹ bá sì dé ibi tí ẹ ń lọ tí ó ń sùn, ẹ gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì tó tẹ́jú, àga ọkọ̀ kì í ṣe ibi oorun. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ nítorí pé ẹ fẹ́ sáré ra nǹkan, ooru inú ọkọ̀ tí a tì máa ń gòkè kíákíá.

Jẹ́ kí o dé Àkúrẹ́ ní ojúmọmọ, kí a lè jọ dè é kí o tó lọ sinmi. Mo ti bá ọ̀gá Àràkálẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní kí o gbé Sienna wá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, òun á la ojú awọ rẹ̀. Ìwé àga wà lọ́wọ́ mi, mo ti dì í sínú ọ̀rá. Màmá ní kí o bá àwọn ra pòtétò bọ̀ láti Jos, kí o má ra èyí tó ti ń hù.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Kúnlé