Ta ló ń pinnu pé ọgbà ìgbafẹ́ dára?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ní Àgbádárìgì níbí, a mọ iyì igi. Lábẹ́ igi Agia ni wọ́n ti wàásù ìhìnrere lọ́dún 1842, igi náà kò sì wó títí di 1959. Ó dùn mí gan-an láti rí i tí wọ́n ń gé igi tó ń ṣíji bò wá, kí wọ́n lè tẹ́ koríko ọgbà ìgbafẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Lójú agbaṣẹ́ṣe, ọgbà tó bá ti rẹwà nínú fọ́tò ti dára. Ìyá tó ń ta ẹja létí ọ̀sà ń fẹ́ ibòji, iná tó ń tàn lálẹ́ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́. Ta ló bi í? Owó ìgbin-igi kì í wọ́n, torí ọjọ́ yẹn ni àwọn oníròyìn ń wá. Owó omi tí a ó fi máa bomi rin ín ńkọ́? Láti 2008 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń gbin igi ní ọjọ́ 14 oṣù Keje. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí tó yè fún wa.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdọọdún ni wọ́n ń tún ọgbà tó gba Green Flag, àmì ẹ̀yẹ fún ọgbà ìgbafẹ́ tí wọ́n ń tọ́jú dáadáa, yẹ̀ wò, wọ́n sì ń wo ipa tí ará àdúgbò ń kó nínú rẹ̀. Kí ìjọba lẹ iye owó ìtọ́jú ọgbà kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹnu géètì rẹ̀. Kí àwọn ìyálọ́jà àti ọ̀dọ́ wa, Ègùn àti Yorùbá, máa buwọ́ lu iṣẹ́ kí agbaṣẹ́ṣe tó gbowó.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Àgbádárìgì