Sí Audrey ọmọ mi, lórí orúkọ tó o fẹ́ yọ

Audrey Àjọkẹ́, ọmọ mi,

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ. O ní wọ́n sọ fún ọ níléèwé pé inú orúkọ rẹ ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nì, tawdry, ti jáde, èyí tí wọ́n fi ń bú ohun ẹ̀ṣọ́ yẹpẹrẹ, àti pé o ti fẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú ìwé rẹ. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ wọn ò sọ ọ́ tán. Fara balẹ̀ gbọ́ èyí tó kù kí o tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kankan.

Ìyá mi ló mú orúkọ náà wá nígbà ìsàmì rẹ, nítorí Audrey Hepburn, eléré sinimá tó lo ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ fún àwọn ọmọdé lábẹ́ UNICEF. Ṣùgbọ́n orúkọ náà ti dàgbà ju ìyẹn lọ fíìfíì.

Æthelthryth ni wọ́n ń pè é níbẹ̀rẹ̀. Æthel ni ọmọ ilé ọlá, thryth ni agbára. Àwọn ìdílé ọba Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ máa ń fi Æthel ṣíwájú orúkọ ọmọ wọn, bí tiwa ṣe ń fi Adé ṣíwájú. Ọmọbìnrin Anna, ọba ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ orúkọ yìí di ńlá (ọkùnrin ni Anna o). Bede, tó parí ìwé ìtàn ìjọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 731, sọ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fún un lọ́kọ. Ecgfrith, ọba Northumbria ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ọkọ kejì. Obìnrin yìí ti pinnu pé òun ò ní mọ ọkùnrin, Ọlọ́run nìkan lòun máa sìn. Ọdún 12 ló fi gbé pẹ̀lú ọba láìyẹ̀ lórí ìpinnu rẹ̀. Ọba ṣèlérí ilẹ̀ àti owó rẹpẹtẹ fún Bíṣọ́ọ̀bù Wilfrid bó bá lè bá òun yí i lọ́kàn padà. Obìnrin náà kò yí padà. Nígbà tó sú ọba, ó yọ̀ǹda rẹ̀, obìnrin náà sì dá ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ anìkàngbé sílẹ̀ ní Ely ní 673.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Ẹni tó ti ṣe ayaba, tó tún jẹ́ olórí ilé, aṣọ irun àgùntàn ló ń wọ̀, kì í wọ aṣọ ọ̀gbọ̀. Tí ọdún ńlá bá kù sí dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi omi gbígbóná wẹ̀, òun pẹ̀lú àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wẹ àwọn obìnrin yòókù tán, kó tó kan òun alára.

Kókó kan wá yọ sí i lábẹ́ àgbọ̀n. Oníṣègùn tó ń jẹ́ Cynefrith la á, ara tù ú fún ọjọ́ méjì, ó kú ní ọjọ́ kẹta, ní 679. Kó tó kú, ó máa ń sọ pé ó tọ́ kí ọrùn òun jìyà, torí pé ẹ̀gbà ọrùn tí kò wúlò lòun ń gbé kọ́ nígbà ọmọge.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, tí wọ́n ti ń pè é ní Saint, ìyẹn ẹni mímọ́, níbi ọjà ọdún rẹ̀ ní Ely, àwọn oníṣòwò ń ta okùn sílíìkì tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn. Léèsì Saint Audrey ni wọ́n pè é. Ẹnu ló gé Æthelthryth kúrú di Audrey. T tó gbẹ̀yìn Saint lẹ̀ mọ́ Audrey, ó di tawdry. Nígbà tí ayédèrú pọ̀ lọ́jà, ọ̀rọ̀ náà di èébú. Ọjà ló bàjẹ́, ọmọ mi, kì í ṣe obìnrin náà. Ẹni tó kábàámọ̀ ẹ̀gbà ọrùn títí dọjọ́ ikú ni wọ́n wá fi orúkọ rẹ̀ ta ẹ̀gbà ọrùn!

Bó bá jẹ́ pé Àjọkẹ́ lo fẹ́ kí gbogbo ayé máa pè ọ́, mo gbà, inú mi á tún dùn sí i. Ṣùgbọ́n má ṣe yọ Audrey nítorí ìtìjú. Ẹni tó sọ ọ́ di ńlá kò jẹ́ kí ọba fi ilẹ̀ tàbí owó pa ìpinnu òun dà. Ìwọ náà má jẹ́ kí ọmọ kíláàsì kan pa tìrẹ dà.

Láti Cambridge tó o wà, ọkọ̀ ojú irin kì í pẹ́ dé Ely. Wọ́n wó ojúbọ rẹ̀ ní 1541, àmọ́ òkúta dúdú kan wà nílẹ̀ kàtídírà níbi tó ti dúró, orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Lọ síbẹ̀ ní Sátidé, kí o pè mí tó o bá dé. Bí o bá ṣì fẹ́ yọ ọ́ lẹ́yìn náà, èmi ni màá bá bàbá rẹ sọ ọ́.

Ìyá rẹ