Yàrá Ni Kí O Béèrè

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo gbọ́ ohun tí o sọ lórí fóònù, pé o fẹ́ kọ ìtàn ìdílé wa sílẹ̀, ṣùgbọ́n o ò mọ ibi tí wàá ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ilé Agége kò sí mọ́. Inú mi dùn púpọ̀. Inú ilé yẹn gan-an ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.

O ṣì kéré nígbà tí iṣẹ́ réluwéè tuntun Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 2017. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sára ògiri ilé bàbá mi, lẹ́yìn náà ni katapílà dé. Títí dòní, tí mo bá wọ ọkọ̀ náà, mi ò lè wo ojú fèrèsé tó bá ń kọjá ibẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá mo lọ bá Ìyá Àgbà, àbúrò bàbá mi. Mo bi wọ́n pé ta ló bí bàbá wọn, ọdún wo ni wọ́n dé Agége. Wọ́n ní ọjọ́ ti pẹ́. Ni mo bá fi ṣọ́ọ̀kì ya ilé náà sórí sìmẹ́ǹtì: yàrá mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín, kànga lẹ́yìn. Mo ní, "Ta ló ń sùn níbí?" Wọ́n fi ọ̀pá tẹ yàrá kẹta. "Bùrọ̀dá Àjàní nìyẹn, òṣìṣẹ́ réluwéè." Mi ò gbọ́ orúkọ yẹn rí láyé mi! Ojú irin àtijọ́, èyí tó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ló ti ń jẹun. Òun ló ránṣẹ́ pe bàbá mi láti Ìsẹ́yìn wá ṣòwò obì, torí ọkọ̀ ojú irin ló ń kó obì Agége lọ sí Kano.

Nítorí náà, má bi àgbàlagbà léèrè ọdún. Bi wọ́n léèrè yàrá, ẹni tí wọ́n jọ ń sùn lórí ẹní kan, ẹni tó ń fa omi fún wọn. Má sì fẹnu kan owó gbà-má-bínú ilé tí wọ́n wó náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Owó yẹn ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Tí o bá béèrè fáìlì rẹ̀, wọ́n á rò pé ìpín lo wá gbà. Tí ara bá ti tù wọ́n ni kí o tọrọ fọ́tò inú rẹ̀, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi àgbà ti dúró síwájú ilé. Wo ẹ̀yìn wọn dáadáa: àwọn ayálégbé wà níbẹ̀, ìtàn wa sì wà lẹ́nu tiwọn náà.

Òkúta sàréè bàbá mi tí a gbé kúrò wà lẹ́yìn ilé mi. Fi ojú ara rẹ ka ọdún tó wà lára rẹ̀, torí ó yàtọ̀ sí èyí tí mo ti ń sọ fún yín. Tí orúkọ bá ti tó lọ́wọ́ wa, a ó jọ lọ sí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn.

Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà lẹ́kọ̀ọ́kọ́. Wọ́n ti pé ẹni ọdún 88. Wá kí oṣù yìí tó parí, kí o sì mú ṣọ́ọ̀kì dání. Yàrá méjì ṣì kù tí wọn ò tíì sọ ẹni tó ń sùn níbẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ