Bísí, má tíì di ẹrù rẹ

Bísí ọ̀rẹ́ mi,

Báwo lòtútù yẹn, ṣé ó ti ń dín kù? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwa náà wà níbí, ooru Ìbàdàn ò jẹ́ ká sùn, NEPA ò mú iná wá, àmọ́ a dúpẹ́ pé ara le.

Mo gbọ́ fóìsì nóòtì tó o fi ránṣẹ́ lálẹ́ Sátidé. Inú ọkọ̀ máíkírà ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, láti Mọ́kọ́lá sí Ọ̀jọ́ọ̀, mo gbọ́ ọ títí mo fi kọjá ibi tó yẹ kí n ti bọ́ọ́lẹ̀. Ohùn rẹ ò dùn létí mi rárá. O ní ọdún kẹta rèé tó o ti ń ka irun ẹsẹ̀ kòkòrò lábẹ́ máíkírósíkóòpù ní Jámánì, àbúrò rẹ ń wá owó iléèwé nílé, ebi ń pa ìlú, ìwọ wá jókòó síbẹ̀ ò ń ka irun, o ní ṣé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn, o ní ta ló tiẹ̀ sọ pé ó di dandan kí ọmọ èèyàn máa wádìí ohun tí kò sọnù lọ́wọ́ ẹ̀. Mi ò fẹ́ fi fóìsì dá ẹ lóhùn torí mo mọ ara mi, màá sọ̀rọ̀ díẹ̀ ẹkún á gbọ̀n mí. Ìdí tí mo fi jókòó kọ ọ́ nìyí, jọ̀ọ́ kà á tán.

Lọ́jọ́ Àìkú mo lọ sọ́dọ̀ Màmá ní Mọ́níyà. Wọ́n ń yan gàrí lọ́wọ́, èéfín ti gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Mo ní Màmá, ẹ rántí ọdún tí kòkòrò fẹ́ jẹ ẹ̀gẹ́ yín tán? Wọ́n gbé ìgbáko sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, wọ́n nu ọwọ́ lára ìró, wọ́n wá di ìkúùkù sí mi lójú, wọ́n ní bó ṣe ń rí nìyí, orí ẹ̀gẹ́ á ká jọ báyìí bí ọwọ́ ọmọ tuntun, kò ní ga mọ́, nǹkan funfun bí òwú á wá bò ó lábẹ́ ewé, téèyàn bá fọwọ́ kàn án á lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn, ìyàwó tuntun ni wọ́n. Bàbá bàbá mi ní ọwọ́ ayé ni, wọ́n da eérú sí i, wọ́n fi omi ata wọ́n ọn, kò gbọ́. Igi tí wọ́n gé pamọ́ láti gbìn lọ́dún tó ń bọ̀, kòkòrò náà ti wà lára ẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ ara wọn gbin ìyà. Mo béèrè pé kí ló wá mú un lọ, Màmá ní Ọlọ́run ni. Mi ò bá wọn jiyàn. Mo kàn sọ fún wọn pé àwọn tí Ọlọ́run lò wà lẹ́yìn ọgbà IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n ti ń kọjá níwájú ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti wà nílé ọkọ.

Bísí, ìwọ mọ ìtàn yìí jù mí lọ àmọ́ mo rò pé o ti gbàgbé ibi tó kàn ẹ́ níbẹ̀. Kòkòrò yẹn kì í ṣe ará ibí, láti Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti bá igi ẹ̀gẹ́ wọlé, Kóńgò ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i nílẹ̀ Áfíríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kò sì sí ohun tó ń pa á níbí, ó kàn ń jẹ lọ ni. Kò tiẹ̀ lórúkọ lọ́dọ̀ àwọn onísáyẹ́ǹsì, ọdún 1977 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Hans Herren, onímọ̀ nípa kòkòrò, ará Switzerland, dé IITA ní 1979, ó ní kàkà ká máa da oògùn sóko, ẹ jẹ́ ká lọ wá ohun tó ń pa á nílé baba ẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ rí kòkòrò kan lápá òkè Gúúsù Amẹ́ríkà tó jọ ọ́ bí ìbejì, wọ́n kó ohun tó ń pa ìyẹn wá, kò ṣiṣẹ́ lórí tiwa. Àṣé ọ̀tọ̀ ni wọ́n! Ti ọ̀hún ní akọ, tiwa ò ní akọ rárá, abo ni gbogbo ẹ̀, wọ́n ń bímọ láìrí ọkọ. Ta ló máa jókòó ti kòkòrò tí ò tó orí pín-ìnnì títí táá fi mọ ìyẹn? Irú ẹ ni. Ẹni tó ń ka irun ni. Ní 1981 onímọ̀ nípa kòkòrò míì, Tony Bellotti, rí kòkòrò tiwa gan-an ní Paraguay, ibẹ̀ ni wọ́n ti kó agbọ́n kékeré kan tí ò ju mìlímítà méjì lọ, tó ń yé ẹyin sínú ara kòkòrò yẹn tí ọmọ ẹ̀ á sì jẹ ẹ́ láti inú. Wọ́n kó o gba Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kò ní gbé wàhálà míì wá, ọdún yẹn náà ni wọ́n kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ n'Íbàdàn níbí. Nígbà tó yá wọ́n ń fi ẹ̀rọ òfuurufú dà á sóko, ó dé orílẹ̀-èdè tó lé ní 20. Herren gba ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé (World Food Prize) ní 1995 torí ẹ̀. Màmá ń yan gàrí tiwọn lọ, wọn ò mọ̀ ọ́n rí.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni pé àlejò ló ṣe é. Àwa la lẹ̀gẹ́, àwa la ń jẹ ẹ̀bà láàárọ̀ lálẹ́, ará Switzerland ló wá sáré kiri lórí ẹ̀. Nítorí náà tó o bá bi mí pé ṣé dandan ni, èmi ò ní lọ wá ìdáhùn lọ sókè, màá ní gbèsè ni. A ti jẹ nínú ohun táwọn kan fi ojú wọn wá, omíì fi ẹ̀mí wá a. Dókítà òyìnbó kan, Adrian Stokes, wá wádìí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ní Èkó, ibà náà ló pa á ní 1927. Dókítà Sapara tiwa wọ ẹgbẹ́ àwọn oníṣọ̀pọ̀nná ní bòńkẹ́lẹ́ kó lè mọ bí àrùn ṣe ń ràn. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá ẹ̀ délé, àwọn yẹn ṣẹ́ kù fún wa, àwa ńkọ́?

Mo gbà pé kì í ṣe gbogbo ìwádìí ló dáa o. Ọ̀rọ̀ Kánò ní 1996 ò tíì kúrò nílẹ̀, tí wọ́n dán oògùn wò lára àwọn ọmọdé nígbà àjàkálẹ̀ àrùn yírùnyírùn, táwọn òbí ní àwọn ò mọ̀ pé ìdánwò ni. Èmi náà lọ́rọ̀ ti mi. Nígbà tí mo wà ní JSS 2 àwọn kan wá gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo ilé wa, wọ́n fún wa ní ọṣẹ àti bísíkíìtì, wọ́n ní àwọn á padà wá sọ ohun táwọn bá rí, wọ́n fún Bàbá ní pépà kékeré kan tí nọ́ńbà wà lára ẹ̀. Wọn ò wá mọ́. Nígbà tí Bàbá kú tá à ń tú ẹrù wọn, a rí pépà yẹn nínú Bíbélì wọn, ó ti pọ́n. Ọdún méjìdínlógún ni wọ́n fi tọ́jú ẹ̀. Mi ò lè sọ bó ṣe rí lára mi lọ́jọ́ yẹn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rò pé wíwá nìkan kọ́ ni gbèsè yẹn, pípadà wá sọ wà nínú ẹ̀. Ṣé o rántí ọjọ́ tó o pè mí tó ò ń pariwo pé o rí YRI lórí kọ̀ǹpútà ọ̀gá rẹ? YRI yẹn ni orúkọ tí wọ́n fún àwọn 90 Yorùbá n'Íbàdàn níbí, bàbá, ìyá àti ọmọ láti ìdílé 30, tí wọ́n yọ̀ǹda ẹ̀jẹ̀ wọn fún iṣẹ́ HapMap, ìyẹn ìwádìí ìyàtọ̀ tó wà nínú DNA àwọn èèyàn, tí èsì ẹ̀ jáde ní 2005, tó jẹ́ pé títí dòní gbogbo lábù ayé ń lò ó. O sunkún lọ́jọ́ yẹn, o ní ilé dé ibi tó ò ń ṣiṣẹ́ kó o tó débẹ̀. Mélòó nínú àwọn ará Bẹẹrẹ àti Ọjà-Ọba ló mọ̀ pé lẹ́tà mẹ́ta yẹn wà? Ta ló máa fi Yorùbá sọ ọ́ fún wọn tí kì í bá ṣe ìwọ?

Tó bá rẹ̀ ẹ́, wá sílé, mi ò ní bínú. Gbèsè ẹbí ni, kì í ṣe orí ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà, ẹlòmíì lè gbà á gbé. Àmọ́ má wá sílé torí pé o rò pé ohun tó ò ń ṣe ò wúlò, ìyẹn ni mi ò ní gbà.

Jọ̀ọ́ ya fọ́tò irun ẹsẹ̀ kòkòrò yẹn ránṣẹ́, èyí tó mọ́ dáadáa. Àwọn ọmọ SS 2 mi ti ń dà mí láàmú látìgbà tí mo ti sọ fún wọn pé ọ̀rẹ́ mi ń kà á, ọ̀kan ní ṣé ó pọ̀ tó irun orí òun. Mi ò mọ ohun tí màá sọ fún un. Gàrí tó o béèrè, Màmá ti dì í, wọ́n ní wọ́n yan án gbẹ dáadáa kó má bàa bu lójú ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n Táyọ̀ á gbé e bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ní kí n kí ẹ.

Èmi ni tìrẹ,
Fúnmi